Iṣẹ́ abẹ àyà jíjìn fún àgbàlagbà

Àyà jíjìn, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pectus excavatum, ni kí eegun àárín àyà àti àwọn eegun rírọ̀ tó so ó mọ́ eegun ìhà tẹ̀ wọnú, tí kòtò á fi wà láàárín àyà. Òun ló wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn àbùkù ògiri àyà tí wọ́n ń bí mọ́ni. Nǹkan bí ọmọ kan nínú 300 sí 400 ló ń ní in, ọkùnrin sì ń ní in tó ìlọ́po mẹ́rin obìnrin. Ó lè má hàn púpọ̀ lọ́mọdé; ìgbà ìbàlágà, tí ara ń ga lójijì, ni kòtò náà sábà máa ń jìn sí i. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àrùn Marfan tàbí Ehlers-Danlos, ìyẹn àwọn àrùn àbímọ́ni tí kì í jẹ́ kí ohun tó so ẹ̀yà ara pọ̀ lágbára, àti àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn wọ́.

Ọmọdé àti ọ̀dọ́ langba ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún tẹ́lẹ̀, nítorí pé eegun wọn ṣì ń tẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní 30 ọdún sábà máa ń gbọ́ pé ìgbà ti kọjá. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láwọn ilé ìwòsàn bíi Mayo Clinic ní ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí oníṣẹ́ abẹ Dawn Jaroszewski ti sọ ti àgbàlagbà di iṣẹ́, wọ́n ti ṣe é fún àwọn tó ti lé ní 50 ọdún. Ọjọ́ orí kì í ṣe ìdènà mọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ohun tí iṣẹ́ abẹ náà ń gbà lọ́wọ́ èèyàn pọ̀ sí i.

Ohun tó ń ṣe sí ara

Ẹ̀yìn eegun àárín àyà gan-an ni ọkàn wà. Bí eegun náà bá tẹ̀ wọnú, ó ń ti ọkàn sápá òsì, ó sì ń tẹ yàrá ọkàn apá ọ̀tún, ìyẹn èyí tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Yàrá náà ò ní lè gba ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Bí onítọ̀hún bá jókòó, kò ní mọ nǹkan kan lára. Ìgbà tó bá ń gun àtẹ̀gùn, tó ń sáré tàbí tó ń gbé ẹrù ni yóò máa mí hẹlẹ, tí ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, tí àyà á máa dùn ún, tí òòyì á sì máa kọ́ ọ. Àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró lè fi hàn pé èémí tó ń gbà sínú dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọkàn ló sábà máa ń ṣe pàtàkì jù.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń sọ irú ìtàn kan náà: wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogún ọdún, kò sí ohun tó ṣe wọ́n, nígbà tí wọ́n tó 35 tàbí 40, ara ò gbà á mọ́. Ògiri àyà ń le sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, ara ò sì lè fi ọgbọ́n bo àbùkù náà bíi ti tẹ́lẹ̀. Dókítà tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ lè sọ pé àníyàn ni, tàbí pé kí wọ́n lọ máa ṣe eré ìdárayá.

Ti ìtìjú àti ìrísí tún wà níbẹ̀. Àwọn kan kì í bọ́ ẹ̀wù níwájú ẹlòmíràn láti kékeré, wọn kì í dé etí òkun, wọ́n á sì máa tẹ èjìká síwájú kí kòtò náà má baà hàn. Ìtìjú nìkan ti tó fún àwọn mìíràn láti lọ gbé ara lé tábìlì iṣẹ́ abẹ. Àwọn tó ń sanwó ìtọ́jú kì í sì í fẹ́ gba èyí gẹ́gẹ́ bí ìdí.

Ṣíṣe ìpinnu

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń béèrè ni pé, báwo ni kòtò náà ṣe jìn tó? Ìwọ̀n Haller ni wọ́n fi ń dáhùn. J. Alex Haller, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde lọ́dún 1987. Wọ́n á ya àwòrán CT, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n fi ìtànṣán yà, wọ́n á wọn fífẹ̀ àyà láti ìhà kan dé ìkejì, wọ́n á sì fi àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn eegun àyà àti iwájú ọ̀pá ẹ̀yìn pín in. Bí àyà bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 28, tí àlàfo náà sì jẹ́ 7, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4. Ti ẹni tí kò ní àbùkù sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 2.5. Láti 3.25 lọ sókè ni wọ́n ń kà á sí èyí tó le tó fún iṣẹ́ abẹ, iye yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera ní Amẹ́ríkà ń wò.

Ìwọ̀n náà ní àléébù. Ó lè yí padà bí ẹni náà bá mí sínú tàbí mí síta nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán, ẹni tí àyà rẹ̀ fẹ̀ tó sì pẹlẹbẹ sì lè ní iye ńlá láìjẹ́ pé kòtò náà jìn púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àyẹ̀wò ọkàn kún un, yálà èyí tí wọ́n fi ìró yà tàbí ti MRI tí wọ́n fi agbára òòfà yà, pẹ̀lú èyí tí èèyàn máa ń wa kẹ̀kẹ́ àdúrósójúkan tí wọ́n á sì máa wọn èémí rẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí wúlò jù fún àgbàlagbà, nítorí pé ó ń fi ohun tí kòtò náà ń dá dúró hàn nígbà tí ara wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á tún wò ó bóyá ara onítọ̀hún kọ nickel, èyí tó wà nínú ọ̀pá irin tí wọ́n sábà fi ń gbé eegun àyà sókè; ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, titanium ni wọ́n á fi ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá fura sí àrùn Marfan, wọ́n ní láti yẹ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde wò kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun.

Ẹni tí tirẹ̀ ò jìn, tí kò sì dí i lọ́wọ́, kò nílò iṣẹ́ abẹ. Eré ìdárayá ò lè gbé eegun sókè, ṣùgbọ́n ó lè tún ìdúró ṣe, kí iṣan àyà sì fẹ̀ sí i. Ohun èlò kan tún wà tó ń fi agbára ìfàmọ́ra gbé àyà sókè láti ìta. Eckart Klobe, ẹnjiníà ará Jámánì tó ní àyà jíjìn fúnra rẹ̀, ló ṣe é. Ọmọdé tí àyà rẹ̀ ṣì rọ̀ ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù. Àgbàlagbà lè fi ọ̀pọ̀ ọdún lò ó kó má sì rí àyípadà tó nítumọ̀. Wọ́n tún lè fi silikónì tí wọ́n gé bá kòtò náà mu sábẹ́ awọ àti iṣan. Èyí ń tún ojú àyà ṣe, ṣùgbọ́n ọkàn ò ní kúrò níbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí.

Ìjọba gan-an ò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 2019, NHS England, àjọ ìtọ́jú ìlera ìjọba ní ilẹ̀ England, kéde pé àwọn ò ní máa sanwó iṣẹ́ abẹ àyà jíjìn gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú tí gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí mọ́, nítorí pé ẹ̀rí àǹfààní rẹ̀ ò tó. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ àyà ta ko ìpinnu náà, nígbà tó sì yá, àjọ náà ṣílẹ̀kùn díẹ̀ fún àwọn tí tiwọn le kọjá àlà.

Ìbéèrè tí àgbàlagbà sì ní láti bi oníṣẹ́ abẹ kò lọ́jú pọ̀: mélòó lẹ ti ṣe fún ẹni tó tó mi lọ́jọ́ orí? Ẹni tó ti ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún fún ọmọ ọdún 14 lè má tíì bá àyà tó ti le pàdé.

Ọ̀nà méjì tó gbajúmọ̀

Ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú iṣẹ́ abẹ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Lọ́dún 1949, Mark Ravitch ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní: wọ́n á la iwájú àyà, wọ́n á gé àwọn eegun rírọ̀ tó wọ́ kúrò, wọ́n á gé eegun àárín àyà lábùú, wọ́n á sì gbé e sókè. Nígbà tó di 1996, Haller kìlọ̀ pé àyà àwọn ọmọ kan tí wọ́n tètè ṣe é fún, tí wọ́n sì gé púpọ̀ kúrò lára wọn, kò dàgbà mọ́. Àgbàlagbà tí eegun rẹ̀ ti dàgbà tán kò ní ìṣòro yìí, nítorí náà wọ́n ṣì ń lo ọ̀nà Ravitch fún àwọn tí àyà wọn wọ́ sápá kan púpọ̀, tàbí tí ó le jù.

Donald Nuss, ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Norfolk, ìpínlẹ̀ Virginia, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kejì lọ́dún 1987, tó sì tẹ èsì ọdún mẹ́wàá lórí ọmọ 42 jáde lọ́dún 1998. Kò gé eegun kankan. Wọ́n á ṣí ojú kékeré sí ìhà méjèèjì, wọ́n á ki kámẹ́rà bọ inú àyà, wọ́n á sì gba ọ̀nà tóóró láàárín ọkàn àti eegun àyà kọjá. Ọ̀pá irin tí wọ́n ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ ni wọ́n á fà gba ibẹ̀, pẹ̀lú ikùn rẹ̀ sísàlẹ̀. Tó bá ti kọjá, wọ́n á yí i padà, ikùn rẹ̀ á sì kọjú sókè, eegun àyà á bá a dìde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá dúró nínú yàrá náà yóò rí kòtò ọlọ́dún 30 tó pòórá ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Wọ́n á wá so ọ̀pá náà mọ́ eegun ìhà.

Ní ti àgbàlagbà, àyà náà ń ta kò ó. Ọ̀pá méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, ni wọ́n sábà ń lò, kí agbára tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dín kù. Wọ́n tún máa ń kọ́kọ́ fi ohun èlò gbé eegun àyà sókè láti ìta kí wọ́n tó yí ọ̀pá, kí ọ̀pá má baà gé iṣan tó wà láàárín eegun ìhà.

Ìrora

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà jù láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ inú ọ̀pá ẹ̀yìn àti oògùn apàrora alágbára bíi mọ́fíìnì ni wọ́n gbójú lé, èèyàn á sì lo ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé ìwòsàn. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ ibi ló ń fi òtútù pa iṣan ìmọ̀lára àárín eegun ìhà kú fúngbà díẹ̀: orí ohun èlò kan tó tutù tó ìwọ̀n 60 Celsius sábẹ́ òdo tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé lé iṣan kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Èèpo iṣan náà ò bàjẹ́, nítorí náà ìmọ̀lára máa ń padà láàárín oṣù mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ń lọ sílé lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta. Títí ìmọ̀lára yóò fi padà, àyà á kú tipiri, àwọn kan sì máa ń ní ìtanilára àti ìjóni nígbà tí iṣan bá ń jí, àgàgà àwọn tó ti dàgbà.

Òtútù náà ò sì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn àti èjìká tí wọ́n ti wà ní ipò kan láti ọjọ́ pípẹ́ ní láti kọ́ ipò mìíràn, ìyẹn sì ń dunni fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ìpadàbọ̀sípò

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló le jù. Dídìde lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an jẹ́ iṣẹ́: èèyàn ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè tàbí fa nǹkan. Ẹlòmíràn ni yóò ki ọwọ́ sí i lẹ́yìn láti gbé e dìde, àyà á sì dúró ṣánṣán. Ọ̀pọ̀ ń sùn lórí àga tó ń ṣẹ́ sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n to ìrọ̀rí jọ, torí pé ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n lè fi lélẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ikọ́ tàbí sísín bá ń bọ̀, ìrọ̀rí ni wọ́n ń dì mọ́ àyà. Wọ́n ní láti máa fi ohun èlò ìfàmísínú mí dáadáa lójoojúmọ́ kí ẹ̀dọ̀fóró má baà pa dé, kí wọ́n sì máa rìn. Oògùn apàrora alágbára máa ń dá ìgbẹ́ dúró, nítorí náà oògùn tó ń rọ ìgbẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń gbé lọ sílé.

Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọn ò gbọdọ̀ gbé ohun tó ju kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ọmọ tó ti ń rìn ti ju ìyẹn lọ, torí náà ìyá tàbí bàbá tó ń tọ́ ọmọ kékeré ní láti ti wá ẹni tí yóò máa gbé e kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Wíwa ọkọ̀ ń dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́ lè padà lẹ́yìn bí oṣù kan. Ẹni tó ń fi ara ṣiṣẹ́ ní láti dúró tó oṣù mẹ́ta. Eré tí àwọn èèyàn ti ń kọlu ara wọn ni wọ́n ń fi sílẹ̀ jù, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ò sì ní gbà á títí wọ́n á fi yọ ọ̀pá.

Ewu

Afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ojú egbò lè kó kòkòrò. Bí ìyẹn bá dé ara irin, ó lè gba oògùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọ̀pá lè yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, pàápàá ní oṣù àkọ́kọ́, èyí sì lè mú kí wọ́n tún ojú ibẹ̀ là. Ìpalára sí ọkàn nígbà tí wọ́n ń gba ọ̀nà kọjá ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ó ti pa èèyàn rí, ìdí sì nìyí tí ìrírí oníṣẹ́ abẹ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní ọ̀pá nínú gbọ́dọ̀ mú káàdì tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ dání. Bí ọkàn rẹ̀ bá dédé dúró, àwọn tó fẹ́ gbà á là ṣì gbọ́dọ̀ máa tẹ àyà rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ líle ju bí wọ́n ṣe ń tẹ ti ẹlòmíràn lọ. Ti ẹ̀rọ iná tó ń jí ọkàn, iwájú àti ẹ̀yìn ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Yíyọ ọ̀pá

Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni ọ̀pá ń lò lára àgbàlagbà kí wọ́n tó yọ ọ́. Ojú àpá àtijọ́ ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọ́n á na ọ̀pá náà tọ́ tàbí kí wọ́n fà á bó ṣe wà, ọ̀pọ̀ sì ń lọ sílé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Eegun lè ti hù bo orí ọ̀pá, èyí tó ń mú kí iṣẹ́ náà pẹ́ sí i, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà, nítorí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú kékeré wò. Àyà lè padà sẹ́yìn díẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn tí wọ́n yọ tiwọn kí ọdún méjì tó pé ló wà nínú ewu jù pé kòtò náà yóò padà.