"Hẹ́lò, láti Microsoft la ti ń pè": ìbéèrè àti ìdáhùn lórí gbájúẹ̀ orí fóònù

Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní UK àti Amẹ́ríkà ni ìbéèrè yìí ti ń wá jù, pàápàá àwọn tí màmá tàbí dádì wọn ń dá wà nílé lọ́sàn-án táwọn ọmọ bá ti lọ síbi iṣẹ́.

Ìbéèrè: Ẹnì kan pe màmá mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní láti Microsoft lòun ti ń pè, pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà wọn. Nọ́ńbà Lọ́ńdọ̀nù ló sì jáde lójú fóònù. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni jàre. Microsoft kì í dédé pe èèyàn nílé, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kàn sí wọn. Ti nọ́ńbà yẹn, wọ́n lè mú kí nọ́ńbà tó bá wù wọ́n hàn lójú fóònù yín, ibi yòówù kí wọ́n jókòó sí. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà màmá, wọ́n kàn ń pe nọ́ńbà lọ rẹrẹ ni, ilé tó sì ní Windows, ètò Microsoft tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, pọ̀ débi pé kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bá ẹni tọ́rọ̀ náà máa jọ lójú ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wà: ní 2012 ni FTC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, gbé ẹgbẹ́ mẹ́fà irú ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, India sì lọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ní 2018 àwọn ọlọ́pàá India ya bo àwọn call centre kan nítòsí Delhi lẹ́yìn tí Microsoft fẹjọ́ sùn. (Kíyẹn má wá sọ gbogbo ará India tó bá pè yín di olè o, ó lè jẹ́ dókítà yín.)

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n ẹni tó pè fi hàn wọ́n o! Màmá fojú ara wọn rí error pupa àti yẹ́lò lọ súà.

Wọ́n rí i lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yẹn wà. Ohun tí wọ́n rí wà níbẹ̀, ìtumọ̀ tí gbájúẹ̀ fún un ni irọ́. Event Viewer ni wọ́n ní kí wọ́n ṣí, ibẹ̀ ni Windows máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, bí príńtà ò bá dáhùn ó kọ ọ́, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já díẹ̀ ó kọ ọ́, kọ̀ǹpútà tára ẹ̀ le koko náà ní error níbẹ̀. Ẹ lọ ṣí tiyín wò.

Èyí tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni ti nọ́ńbà. Wọ́n á ní kí màmá ṣí àpótí dúdú kan, kí wọ́n tẹ "assoc" síbẹ̀, ìlà á wá máa sáré jáde, nísàlẹ̀ wọ́n á rí nọ́ńbà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 888DCA60. Ẹni tó ń pè á ní, "Madam, ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà yín nìyẹn, ẹ jẹ́ n kà á fún yín," á sì kà á, lẹ́tà kan ò ní yẹ̀. Ta ni ò ní gbà? Àṣé nọ́ńbà kan náà ló wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà Windows, ti Lọ́ńdọ̀nù, ti Ìbàdàn, ti gbájúẹ̀ náà gan-an.

Ìbéèrè: Ẹnikẹ́ni ò pe èmi, ojú láptọ́ọ̀pù ló dédé kún fún ìkìlọ̀, ó ń pariwo pé kí n pe nọ́ńbà kan.

Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lásán ni, ó kàn fẹ̀ bo gbogbo screen ni. Ìkìlọ̀ Microsoft gidi kì í ní nọ́ńbà fóònù nínú. Ẹ tẹ Esc mọ́lẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ pa browser. Bó bá ń ṣagídí, ẹ tẹ bọ́tìnì tẹ́ ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ títí á fi kú.

Ìbéèrè: Báwo lowó ṣe wá ń jáde lọ́wọ́ èèyàn?

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé AnyDesk tàbí TeamViewer sórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó bá yọ fún wọn. Àwọn app yìí ò burú, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣe ń lò wọ́n, àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá ka nọ́ńbà yẹn fún, tẹ́ ẹ sì gbà fún un, ó ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yín nìyẹn. Àwọn kan á kàn ta "ààbò" fún yín, ó tán. Àwọn tó burú jù máa padà pè lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé àwọn fẹ́ dá owó yín padà. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wọlé sí báńkì yín lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á sọ ojú screen di dúdú díẹ̀, wọ́n á yí nọ́ńbà ojú ewé yẹn padà, tàbí kí wọ́n gbé owó yín láti savings bọ́ sí current. Lójijì ẹni náà á figbe ta: 400 dọ́là lòun fẹ́ fi ránṣẹ́, 4,000 lòun tẹ̀, ọ̀gá òun máa lé òun níṣẹ́, Màmá ẹ ṣàánú mi. Kọ́bọ̀ ò wọlé o, owó yín náà lẹ̀ ń wò. Lójú tèmi, àánú yìí ni wọ́n fi ń mú àwọn àgbà wa ju ìbẹ̀rù fáírọ́ọ̀sì lọ, torí kí ìyá wa gbọ́ pé ọmọ ọlọ́mọ máa pàdánù iṣẹ́ torí tòun, kó wá jókòó? Wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á lọ ra gift card, káàdì tí kóòdù ẹ̀yìn ẹ̀ dà bí owó, kí wọ́n lè fi dá owó "tó lé" yẹn padà, wọ́n á máa ka kóòdù náà lórí fóònù. Iléeṣẹ́ gidi kankan kì í fi gift card gba owó tí wọ́n bá jẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Mo ti sanwó ńkọ́?

Ẹ já íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa kọ̀ǹpútà. Ẹ fi fóònù pe báńkì, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín ni kẹ́ ẹ pè, ní UK 159 á gbé yín lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ báńkì tààrà. Tó bá jẹ́ gift card, ẹ pe iléeṣẹ́ tó ni ín kíá, ẹ má ju rìsíìtì nù. Ẹ lo ẹ̀rọ míì láti yí páásíwọọ̀dù, ti email ni kó ṣíwájú. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín nu kọ̀ǹpútà náà, kó tún Windows gbé sí i. Ní Amẹ́ríkà ẹ fẹjọ́ sùn ní reportfraud.ftc.gov, ní England àti Wales ẹ pe 0300 123 2040. Ojú máa ń ti àwọn àgbà, àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ẹnì kan bá tún wá pè pé òun á bá yín gba owó náà padà, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san díẹ̀, gbájúẹ̀ míì nìyẹn.

Ìbéèrè: Màmá mi ò lè gé fóònù mọ́ èèyàn lẹ́nu, wọ́n ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Mo mọ̀, wọ́n á ṣì kí i, wọ́n á béèrè ìyàwó àtọmọ. Ẹ kọ́ wọn ní gbólóhùn kan: "Ọmọ mi ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà." Kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, kí wọ́n má dúró gbọ́ èsì. Tó bá tún pè, kí wọ́n má gbé e rárá.