Èmi Kò Yáwó, Kí Ló Dé Tí Àkáǹtì Mi Fi Jẹ Gbèsè?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mí ní Àkúrẹ́. Àwọn tó pọ̀ jù nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa ń tajà ní Ọjà Ọba àti agbègbè rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bá ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ àti pupuru gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ báńkì ni ọwọ́ mi kò ti dilẹ̀ mọ́. Wọ́n ń ká ìwé àkáǹtì wọn sínú ọ̀rá, wọ́n ń gbé e wá bá mi. Ìbéèrè wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn.

Akọ̀wé, n kò yáwó rí ní báńkì. Mo fi àkáǹtì savings mi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ìgbà tí mo débẹ̀ wọ́n ní ó ti wọ máínọ́ọ̀sì. Ta ló jẹ owó yẹn?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣáàjì ni. Bí kò bá tiẹ̀ sí kọ́bọ̀ nínú àkáǹtì, báńkì ṣì ń kọ ṣáàjì sílẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá wọlé ni wọ́n á mú tiwọn kí ẹ tó fọwọ́ kan tiyín. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, owó kan ti ṣèèṣì wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ná an, báńkì wá fà á padà. Tàbí kẹ́ ẹ fi POS rajà, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má ṣe dáadáa, kó jẹ́ ẹ̀yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n tó yọ owó náà.

Overdraft gangan yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn. Ẹ̀yin àti báńkì lẹ máa jókòó, ẹ máa fẹnu kò lórí iye tẹ́ ẹ lè ná kọjá ohun tẹ́ ẹ ní, iye èlé rẹ̀ àti ìgbà tẹ́ ẹ máa san án padà, ẹ ó sì buwọ́ lùwé. Bí ẹ kò bá buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ èlé lórí gbèsè, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín.

Ẹ bá mi ṣírò ti oṣù mẹ́jọ yẹn. Owó kádì, ìyẹn owó ìtọ́jú kádì ATM yín, lórí savings jẹ́ 50 náírà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ fi VAT, owó orí ìjọba, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ó di 53.75. Láàárín oṣù mẹ́jọ, kò lè ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ìyẹn 161.25 náírà. Bí máínọ́ọ̀sì yín bá wá jẹ́ 4,000 náírà, owó kádì nìkan kò lè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gba ìwé àkáǹtì yín, kí a wá ohun tó ṣẹlẹ̀.

Báwo ni màá ṣe mọ èyí tí wọ́n láṣẹ láti yọ àti èyí tí wọn kò láṣẹ?

CBN, báńkì àpapọ̀ wa, ló ṣe ìwé ìlànà tó sọ iye tí báńkì lè gbà lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni mo ń lò, pẹ̀lú àtúnṣe tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Báńkì tó bá fẹ́ gba ṣáàjì tí kò sí nínú ìwé náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ CBN. Èyí tó bá tàpá sí i, ìtanràn mílíọ̀nù méjì náírà wà lórí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni irú àkáǹtì tí ẹni náà ní, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń pọ̀ jù lójú tèmi. Àkáǹtì current ló ń san owó ìtọ́jú àkáǹtì, èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé bíi CAMF. Kò gbọ́dọ̀ ju náírà kan lọ lórí ẹgbẹ̀rún kan, lórí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ síta. Ẹ lè bá báńkì dúnàádúrà kó tiẹ̀ dín sí i. Owó tó bá wọlé fún yín kò sí nínú ẹ̀. Àkáǹtì current tó ń san CAMF kì í tún san owó kádì. Savings ló ń san owó kádì, òun náà kì í sì í san CAMF. Bí ẹ bá rí méjèèjì lórí àkáǹtì kan ṣoṣo, ẹ fi bírò pupa yí i po.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wa fi 640,000 náírà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó ọjà fún un ní oṣù kan. CAMF rẹ̀ kò yẹ kó ju 640 lọ. VAT orí rẹ̀ jẹ́ 48, àpapọ̀ rẹ̀ 688. Iye yẹn gan-an ni báńkì yọ ní ìparí oṣù. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, 688 mìíràn tún lọ, wọ́n fún un lórúkọ tó jọ pé gbèsè àtẹ̀yìnwá ni. Mo ṣí ojú-ewé kejì, mo bá 559 lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, 731 lẹ́ẹ̀mejì àti 602 lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù mẹ́rin gbáko. Wọ́n tún yọ 53.75 owó kádì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ àkáǹtì current ni. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,687.50 náírà. Ìyá náà kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń fi ìka tó ti funfun fún ìyẹ̀fun tẹ orí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka owó.

Àwọn yòókù rọrùn. Tẹ́ ẹ bá fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, 10 náírà ni ṣáàjì rẹ̀ bí kò bá kọjá 5,000, 25 náírà títí dé 50,000, àti 50 náírà fún ohun tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. ATM báńkì yín kò gba nǹkan kan. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 2025, ATM báńkì mìíràn ń gba 100 náírà lórí 20,000 kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò sí lọ́gbà báńkì lè fi tó 500 náírà lé e. Alert orí fóònù ti kúrò ní náírà mẹ́rin, ó ti di mẹ́fà. Ní ti 50 náírà tí wọ́n ń yọ lórí owó tó bá tó 10,000, ìjọba ló ni ín. Ẹ má torí ẹ̀ bá báńkì jà.

Àbúrò mi tó wà ní London sọ pé àwọn gba irú owó yìí padà níbẹ̀ torí pé ìrẹ́jẹ ni. Ṣé àwa náà kò lè gbà á báyìí?

Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, àmọ́ ó kù síbì kan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà kan, ẹni tó bá wọ máínọ́ọ̀sì láìgbàṣẹ lè san bí ọgbọ̀n pọ́n-ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà kí ohun tó fi kọjá má ju pọ́n-ùn mélòó kan lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kọ̀wé pé ìyẹn kò tọ́, báńkì sì ń rọra dá owó wọn padà dípò kí wọ́n dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù keje ọdún 2007, àjọ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní OFT gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù kí ọ̀rọ̀ lè yanjú pátápátá. Abbey National àti ilé owó méje mìíràn ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga gbè sẹ́yìn OFT ní ọdún 2008, kòtẹ́milọ́rùn náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2009. Ìgbà tó wá di ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 2009, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yí i padà.

Ìdí tí wọ́n fi yí i padà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ilé ẹjọ́ náà kò sọ pé owó yẹn tọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ṣáàjì náà jẹ́ ara iye tí oníbàárà ń san fún gbogbo iṣẹ́ tí báńkì ń ṣe fún un, àti pé òfin tí OFT gbé dání, ti ọdún 1999, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi bóyá ó wọ́n jù yẹ irú iye bẹ́ẹ̀ wò. Bí ẹjọ́ ṣe parí nìyẹn. Àwọn tí lẹ́tà wọn ṣì wà nílẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà lórí àríyànjiyàn yẹn. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí ìyípadà tó dé: ní oṣù kẹrin ọdún 2020, FCA, àjọ tó ń ṣàkóso ilé owó níbẹ̀, fòfin de ṣáàjì tí iye rẹ̀ kì í yí padà yẹn, wọ́n ní èlé ọdọọdún nìkan ni kí wọ́n máa gbà lórí overdraft.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fi ń kọ lẹ́tà. N kì í kọ ọ́ pé “ẹ rẹ́ mi jẹ”. Iye tí ìlànà CBN gbà láyè ni mo máa ń kọ, màá kọ iye tí wọ́n yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, màá sì ní kí wọ́n dá ìyàtọ̀ rẹ̀ padà. Báńkì lè fi ọdún méjì bá yín jiyàn lórí ohun tó tọ́. Lórí 688 tó lọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ni wọ́n fẹ́ wí?

Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé ó tọ́ lójú rẹ?

Kò tọ́ lójú mi. Iṣẹ́ owó ni báńkì ń ṣe, ó sì yẹ kí wọ́n jẹ èrè. Àmọ́ ṣáàjì tí iye rẹ̀ kì í yí padà, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ló ń dùn jù. Ní London, kí òfin ọdún 2020 yẹn tó dé, àwọn tí kì í wọ máínọ́ọ̀sì ń lo àkáǹtì lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ń san owó tiwọn mọ́ tara wọn. Tálákà ló ń sanwó fún olówó. Bí mo bá rántí ìyẹn, inú mi kì í dùn rárá.

Mo yáwó ní báńkì kan, báńkì mìíràn ni owó ti lọ. Ṣé olè kọ́ nìyẹn?

Kì í ṣe olè. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni CBN ti gbà pé kí báńkì tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè máa tọ BVN yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní gbogbo báńkì, dé àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn, bí ẹ bá kọ̀ tí ẹ kò san. Àmọ́ owó tẹ́ ẹ yá àti èlé rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gbà lọ́nà yẹn. Kò gbọ́dọ̀ sí owó ìyà nínú ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa bèèrè tèmi?

Báńkì yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ kọ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì: nọ́ńbà àkáǹtì, déètì ìlà kọ̀ọ̀kan, orúkọ tí wọ́n pè é, iye tí wọ́n yọ, iye tó yẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbà á.

Nígbà tí èmi àti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lórí tábìlì sọ pé, “Màmá, ẹ má bínú, system ló yọ ọ́.” Mo ní, “Ọmọ mi, kò burú, kí system náà dá a padà.” Ó wo ìlà pupa mẹ́fà tó wà lórí ìwé, ó dìde, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá ni alert wọlé, 2,687.50.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ìdáhùn tó gún, ẹ gbé e lọ bá CBN, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà. Ẹ lè fi í ránṣẹ́ sí cpd@cbn.gov.ng, ẹ sì lè mú lẹ́tà lọ sí ẹ̀ka CBN tó wà níbí ní Àkúrẹ́. Ẹ so ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ẹ ti dé báńkì yín. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti wà ní kóòtù, wọn kò ní dá sí i.

Nítorí 2,687 náírà nìkan? Ṣé kò ní í rẹ̀ yín?

Ẹni mẹ́sàn-án mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa ló ń lo báńkì kan náà. A gba ìwé àkáǹtì gbogbo wọn, a jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá náà láti ìrọ̀lẹ́ títí iná fi di ohun tí a ń wá. Mẹ́ta nínú wọn ní irú ìlà kan náà, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìparí oṣù. Lẹ́tà tiwọn ti wà ní báńkì láti ọjọ́ Ajé.