Tíìmù tó ń pàdánù, ẹ̀yìn ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe

Tí tíìmù kan bá ti pàdánù bíi mẹ́rin márùn-ún tẹ̀léra, kí n tó ṣí fóònù mi ni mo ti mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ: ẹ lé kóòṣì, ẹ lọ ra sitiráíkà. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn náà ni, ì báà jẹ́ ẹni tó sanwó wo Premier League ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá, ì báà jẹ́ ẹni tó jókòó sórí kọ́ńkéré ní Adamasingba. Mi ò bá wọn jà o, ìfẹ́ tíìmù ló ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, ó ti lé ní ọdún 18 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pè mí kí n wá gba tíìmù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo kó méjì yọ, ẹ̀kẹta já mọ́ mi lọ́wọ́, ohun kan náà ni mo sì bá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: góòlù yẹpẹrẹ ń wọlé wọn jù. Kí ìyẹn tó dúró, kò sí sitiráíkà tó lè gbà wọ́n.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Tíìmù tí góòlù méjì ń wọlé ẹ̀ ní gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gbọ́dọ̀ gbá mẹ́ta sáwọ̀n kó tó borí, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan gan-an ń fún un ní wàhálà. Àmọ́ tí ohunkóhun ò bá wọlé ẹ̀, póìntì kan ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé, tí ẹyọ kan bá wá ṣèèṣì ta lára ẹnìkan wọlé lódìkejì, póìntì mẹ́ta ti pé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú Bayer Leverkusen ní Jámánì, torí tiwọn yéni dáadáa. Ní October 2022 wọ́n ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ ní Bundesliga, líìgì tó ga jù ní Jámánì, póìntì márùn-ún péré ni wọ́n ní, ipò 17 nínú tíìmù 18. Kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, Elversberg tó wà ní ìpele kẹta ti já wọn kúrò nínú ife ẹ̀yẹ Jámánì, 4-3. Ẹ má rò pé wọn ò ní ọmọ o, Jeremie Frimpong wà níbẹ̀, Moussa Diaby wà níbẹ̀, Jonathan Tah, Patrik Schick, Florian Wirtz tó fara pa nígbà yẹn. Wọ́n lé Gerardo Seoane, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Xabi Alonso, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù títí ó fi gba World Cup lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé tíìmù kejì Real Sociedad ló kọ́ kẹ́yìn, kò tíì kọ́ tíìmù kankan ní líìgì tó ga jù rí.

Èyí tó kọ́kọ́ gbá, wọ́n gbo ewúro sí Schalke lójú, 4-0, gbogbo èèyàn ń jó. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ Porto nà wọ́n 3-0, ọjọ́ mẹ́ta sí i Frankfurt nà wọ́n 5-1. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Tó bá jẹ́ lọ́pọ̀ ibi ni, wọ́n ti máa ní kóòṣì yìí náà ò mọ nǹkan kan, ẹ wá òmíì. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Ó ń fi ọmọ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dúró, wọ́n ta ọ̀mì díẹ̀, ọ̀mì tí kò dùn-ún wò rárá, ìgbà tó fi máa di November wọ́n ti fi 5-0 na Union Berlin tó ń ṣáájú líìgì kí òpin ọ̀sẹ̀ yẹn tó dé, wọ́n na Köln, wọ́n na Stuttgart, líìgì wá dúró torí World Cup ti Qatar, ó wá ráyè fún wọn ní tréènìn tó jinlẹ̀ títí di January. Ipò kẹfà ni wọ́n parí sí. Ọdún tó tẹ̀lé e, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 34, wọ́n borí 28, wọ́n ta ọ̀mì mẹ́fà, kò sẹ́ni tó nà wọ́n, póìntì 90, wọ́n gba líìgì. Gbogbo èèyàn ń pariwo góòlù 89 tí wọ́n gbá, èmi 24 tó wọlé wọn ni mo ń wò, torí 49 ló wọlé wọn lọ́dún tó ṣáájú.

Kí ni wọ́n ṣe gan-an? Kẹ́ ẹ tó lè mọ̀ ọ́n, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣe tíìmù tó ń pàdánù. Ẹ̀rù ń ba àwọn tó wà lẹ́yìn pé bọ́ọ̀lù máa gba orí àwọn kọjá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé gólì lẹ́sẹ̀. Àwọn tó wà níwájú náà ń wá góòlù lójú méjèèjì, wọn ò fẹ́ padà sẹ́yìn. Àárín wá ṣófo. Ọmọ méjì tó kù níbẹ̀ á máa sáré láti ọ̀tún sósì, wọn ò ní bá bọ́ọ̀lù kankan, ẹni tó ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n á ní ọ̀lẹ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn ló sáré jù lọ́jọ́ yẹn. Pápá gùn tó mítà 105. Tíìmù tó bá dúró dáadáa, tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣáájú kì í sábà ju mítà 30 sí 35 lọ. Tíìmù kẹta tí mo gbà, mo jókòó wo fídíò wọn lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, mo ń wọn àárín yẹn bí mo ṣe ń wò ó, ó ń tó 55, nígbà míì ó ń tó 60. Tírélà lè gba àárín yẹn kọjá!

Àtúnṣe ẹ̀ ò la owó lọ. Okùn ni mo máa ń lò. Mo máa ń so okùn mọ́ ìbàdí àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn, ọ̀kan sí èkejì, bí mítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, tí ẹnìkan bá sún lọ sí apá kan, okùn á fa àwọn yòókù lọ, tí ẹnìkan bá sún síwájú gbogbo wọn á bá a lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín, wọ́n á ní ṣé ewúrẹ́ làwa ni. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì a ti tú okùn kúrò, wọ́n ṣì ń sún pọ̀. Lẹ́yìn náà ni màá wá kó àwọn àárín mọ́ wọn, màá sọ fún sitiráíkà pé iṣẹ́ tìẹ náà ni láti padà wá, tó ò bá padà wá wàá jókòó ti mi lórí bẹ́ńṣì.

Àwọn kan á ní ìyẹn ni pé kí gbogbo èèyàn lọ sá pamọ́ sẹ́yìn. Rárá o. Ẹ wo bí Leverkusen ṣe ń ṣe é tí wọ́n bá ń lọ síwájú: Tah, Edmond Tapsoba àti ẹnìkan sí i á dúró lẹ́yìn, Granit Xhaka àti Exequiel Palacios á dúró síwájú wọn, ìyẹn márùn-ún. Àwọn márùn-ún tó kù, Frimpong lápá ọ̀tún, Alex Grimaldo lápá òsì, Wirtz, Hofmann àti sitiráíkà, àwọn ló ń lọ jà. Márùn-ún lọ sógun, márùn-ún ṣọ́lé. Tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn, àwọn tó sún mọ́ ọn á ti dà bò ó láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin márùn-ún, ọ̀tá ò ní ráyè gbójú sókè, ká ní ó tiẹ̀ jàjà gbá a jáde, àwọn onílé márùn-ún ti ń dúró dè é. Tíìmù tó ń pàdánù, tí wọ́n bá ní kọ́nà ní ìṣẹ́jú 80, gbogbo wọn á kó lọ sọ́hùn-ún, gólì nìkan á kù, bọ́ọ̀lù á jáde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá máa sáré tẹ̀lé ẹ̀yìn ọ̀tá. Mo ti rí i títí ó ti sú mi.

Kọ́nà àti fríkíìkì náà wà níbẹ̀. Nínú góòlù mẹ́rin, bí ọ̀kan ń wá látinú bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé kalẹ̀ gbá, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ tó láti tún un ṣe, ta ló dúró síbi òpó àkọ́kọ́, ta ló di ẹni tó ga jù nínú wọn mú, ta ló ń lé bọ́ọ̀lù tó bá ta jáde. Ẹni tí ò mọ ibi tó máa dúró kò gbọ́dọ̀ wọ pápá, ó parí.

Ọ̀rọ̀ sitiráíkà wá kù. Victor Boniface, ọmọ tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, dé Leverkusen lọ́dún 2023 láti Union Saint-Gilloise ní Belgium, góòlù 14 ló gbá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 23, inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ó fara pa ní January 2024 nígbà tó fẹ́ bá Super Eagles lọ sí Ìdíje Ilẹ̀ Áfíríkà, oṣù mẹ́ta ni wọn ò fi rí i lò. Ṣé wọ́n wó lulẹ̀? Ní February, láìsí Boniface, wọ́n na Bayern 3-0, Josip Stanisic, Grimaldo àti Frimpong ló gbá a wọlé, àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ nìyẹn o. Ilé ti dúró kí sitiráíkà tó wọ̀ ọ́ ni. Ẹ wá fi wé Chelsea ti ọdún 2022 sí 2023, owó tí wọ́n ná sórí ọmọ bọ́ọ̀lù ju £500 mílíọ̀nù lọ, wọ́n lé Thomas Tuchel, wọ́n lé Graham Potter, wọ́n pe Frank Lampard padà, ipò 12 ni wọ́n parí sí pẹ̀lú póìntì 44. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ ra èèyàn, ẹni tó ti ń dàgbà tó lè bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nínú pápá ni kẹ́ ẹ rà. Xhaka ti ń lọ sí ọdún 31 nígbà tí Leverkusen rà á ní Arsenal, òun ló ń nàka ibi tí olúkálukú máa dúró sí.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé Leverkusen náà lé kóòṣì. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n wá dúró ti èyí tí wọ́n mú. Leicester ní England ò tiẹ̀ lé tiwọn nígbà tí wọ́n wà nínú wàhálà. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 29 lọ́dún 2015, póìntì 19 ni wọ́n ní, ìsàlẹ̀ pátápátá, Nigel Pearson ló wà níbẹ̀, ó fi mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n borí méje nínú mẹ́sàn-án tó kù. Nítòsí wa níbí náà, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ipò kejì nínú líìgì Nàìjíríà lọ́dún 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì lọ́dún 2024, wọn ò torí ẹ̀ lé Daniel Ogunmodede, lọ́dún 2025 òun náà ló gba líìgì fún wọn.

Kí n wá sọ èyí tó ń dùn mí jù. Tíìmù kẹta tí mo ní ó já mọ́ mi lọ́wọ́, a tún ti okùn yẹn ṣe, a sún pọ̀, góòlù tó ń wọlé ti dín kù, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni wọn ò tíì san owó oṣù fún àwọn ọmọ yẹn. Wákàtí mẹ́tàlá la lò nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, a dé lóru, a gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ọmọ tó ń gbá lápá òsì lẹ́yìn fún mi wá bá mi lẹ́yìn tréènìn, ó ní kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yá mi ní owó ọkọ̀, ìyàwó mi ń bẹ nílé ìwòsàn. Kí ni mo fẹ́ wá sọ fún un nípa mítà 35? Ìṣẹ́jú 70 nìkan ni ẹsẹ̀ wọn ń gbé wọn dé, lẹ́yìn ìyẹn kálukú á dúró síbi tó wà, góòlù á sì wọlé. A já bọ́. Àwọn alága tó ń pè mí lóru pé kí ló dé tá ò borí, màá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó, kí wọ́n bá wa gba òtẹ́ẹ̀lì kí ọjọ́ tó pé, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá bi mí.

Ẹ̀rù náà máa ń lọ tí wọ́n bá ní ohun kékeré kan tí wọ́n ń lé. Nígbà tí Claudio Ranieri gba Leicester, gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ́kọ́ gbá ni góòlù ń wọlé wọn, ó wá ṣèlérí fún wọn pé lọ́jọ́ tí ohunkóhun ò bá wọlé, òun máa ra pizza fún gbogbo wọn. October 24, 2015, wọ́n na Crystal Palace 1-0, ó sì kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é, ó ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn po ìyẹ̀fun. Sáà yẹn náà ni wọ́n gba Premier League. Èmi ò ní owó pizza, ẹran ìgalà ni mo máa ń ṣèlérí, mo sì ti san án lẹ́ẹ̀melòó kan.

Tí tíìmù yín bá tún ń gbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo ẹni tó kẹ́yìn nínú tiyín, ẹ wo sitiráíkà yín, ẹ wo bí àárín wọn ṣe fẹ̀ tó nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, ẹ wá ka iye èèyàn tó dúró sẹ́yìn tí ẹ bá ní kọ́nà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá sitiráíkà ni wàhálà yín.