Kì í ṣe sísúnmọ́ ló ń gbé ohùn họ́ọ̀nù ga

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró sí ibùdókọ̀ Agric ní Ìkòròdú, à ń retí ọkọ̀ Mile 12. Tírélà kan ń bọ̀ láti apá Ògólóńtò, awakọ̀ rẹ̀ tẹ họ́ọ̀nù mọ́lẹ̀, kò gbọ́wọ́ kúrò.

Ọmọ náà ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ga sí i bó ṣe ń sún mọ́ wa.”

Ohun tí èmi náà gbà gbọ́ fún ọdún púpọ̀ nìyẹn, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ariwo ló ń pọ̀ sí i, kì í ṣe pé ohùn ń ga. Onígángan á tètè lóye èyí. Bó bá fi kọ̀ǹgọ́ lu ìlù kíkankíkan láì fún ọṣán, ariwo á pọ̀, àmọ́ dò ò ní kúrò ní dò. Àfi tó bá fún ọṣán ni dò tó lè di re, kódà bó rọra lù ú.

Eré tí ọkọ̀ ń sá ló dà bí ọṣán yẹn. Ká ní họ́ọ̀nù náà ń gbọn afẹ́fẹ́ nígbà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí tírélà sì ń sá kìlómítà 72 ní wákàtí kan, ìyẹn mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró fúnra rẹ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbígbọ̀n kọ̀ọ̀kan ń rán ìgbì kan jáde. Kí ìgbì kejì tó jáde, ọkọ̀ ti tẹ̀ lé ìgbì àkọ́kọ́ díẹ̀, àlàfo àárín wọn á wá dín. Ìgbì 425 ló máa kan etí wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 400, bí ìgbì bá sì ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń ga tó. Bí ọkọ̀ ṣì wà lọ́nà jíjìn, 425 ni. Bó ku òpó iná mẹ́ta kó dé, 425 náà ni, tí eré rẹ̀ kò bá ti yí padà. Jíjìnnà kò sí nínú ìṣirò yìí rárá.

Ìgbà tó bá ń gba iwájú wa kọjá ni ohùn ń já. Eré tó fi ń bọ̀ wá bá wa á dín kù wàrà, á tán, á sì di eré tó fi ń sá fún wa. Ìgbì á fà gùn, yóò ku nǹkan bíi 378. Láti re bọ́ sí dò nìyẹn. (Awakọ̀ ní tirẹ̀, 400 ló ń gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.) Ẹ má fi ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn dán an wò o, fèrè tirẹ̀ ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀, ó sì máa ń da etí rú.

Christian Doppler, ọmọ Austria, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1842. Ní 1845, Buys Ballot, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, fẹ́ dán an wò, ó kó àwọn afunfèrè sínú ọkọ̀ ojú irin ní Netherlands, ó sì ní kí àwọn olórin tó dúró lẹ́bàá ojú irin sọ ohùn tí wọ́n gbọ́.

Danfo tó wá gbé wa tẹ họ́ọ̀nù láti òkèèrè, ó sì ń dẹ eré díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ọmọ náà dì mí lápá mú: “Bọ̀ọ̀dá, ó ń sún mọ́ wa, ohùn rẹ̀ sì ń wálẹ̀!”