Kí wọ́n tó gún yín ní abẹ́rẹ́ ketamine

Ẹni tí wọ́n gún ní ketamine, oògùn akunnilóorun tí a ń lò fún iṣẹ́ abẹ, kì í sùn bí a ṣe mọ oorun. Ojú rẹ̀ lè là sílẹ̀, kí ẹyinjú máa yí sọ́tùn-ún sósì, kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ máa mira, síbẹ̀ kò ní mọ̀ pé ọ̀bẹ ń kan ara òun. Ẹbí tó bá yọjú wò ó lè rò pé oògùn ò ràn án. Ó ràn án. Ojú ọ̀nà kan nínú ọpọlọ, tí à ń pè ní NMDA, ni ketamine ń dí, débi pé ìròyìn ìrora kò ní dé ibi tí ènìyàn ti ń mọ̀ ọ́n lára.

Calvin Stevens ló ṣe é ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962, nítorí pé phencyclidine tí wọ́n ń lò ṣáájú máa ń da orí aláìsàn rú fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ oògùn akunnilóorun ló ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, tó sì ń dín mímí kù. Ketamine sábà máa ń gbé ìfúnpá sókè, aláìsàn a sì máa mí fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yàn án fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ nínú ìjàǹbá, fún ọmọdé tó jóná tí a fẹ́ wẹ egbò rẹ̀, àti fún ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú.

Nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, mílígíráàmù 1 sí 2 la ń fún kílò kọ̀ọ̀kan ara aláìsàn. Kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó mú un, agbára rẹ̀ a sì wà fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Nínú ẹran ara, mílígíráàmù 4 sí 10 ni. Ó ń gba ìṣẹ́jú 3 sí 5 kó tó ràn án, ó sì ń pẹ́ ju ti inú iṣan lọ. Ti inú iṣan gbọ́dọ̀ rọra wọlé, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí wọ́n bá tì í wọlé wéré, mímí lè dá dúró.

Àṣìṣe tí mo kà sí ẹlẹ́rù jù lọ wà lára ìgò. Ìgò kan lè ní mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan, òmíràn 50, òmíràn 100. Ẹni tó bá fa oògùn láti inú ti 50, tó rò pé ti 10 ni, ti fún aláìsàn ní ìlọ́po márùn-ún. Ó yẹ kí ẹni méjì ka ara ìgò náà kí síríǹjì tó kàn án.

Mímí tí aláìsàn ń mí kò ní kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Itọ́ máa ń pọ̀ lẹ́nu, gògóńgò sì lè fún pinpin lójijì, pàápàá lára ọmọdé. Nítorí náà, ọ́síjìn, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn mí gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, ẹ má jẹun fún wákàtí 6 ṣáájú. Omi lásán lè jẹ́ wákàtí 2.

Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gbọ́ oògùn, àrùn ọkàn, tàbí bí àrùn ọpọlọ tó ń mú ènìyàn rí ìran bá ti ṣe yín rí. A kì í fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí oògùn bá ń kúrò lójú, àgbàlagbà lè rí ìran, kó pariwo, tàbí kó ní òun ń fò. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má bá a jiyàn. Yàrá tó dákẹ́, iná tí kò mọ́lẹ̀ jù, ohùn kan ṣoṣo tó mọ̀: wọ̀nyí ń ràn án lọ́wọ́. Bó bá le, midazolam díẹ̀, oògùn tó ń fi ara balẹ̀, máa ń rọ̀ ọ́. Kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún wákàtí 24.

Àwọn tó ń fi ketamine ṣe fàájì lemọ́lemọ́ ń ba àpò ìtọ̀ ara wọn jẹ́: a máa súnkì, títọ̀ a máa ta wọ́n, ẹ̀jẹ̀ a máa bá a jáde. Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn kò lè wò ó. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ ohun tí ẹ ń lò, kí ẹ sì jáwọ́ kíá, torí bí àpò náà bá ti súnkì pátápátá, iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè ṣẹ́kù.