Bá a ṣe ń tọpa orúkọ tó wọ́pọ̀ nínú ìwé ìròyìn àtijọ́

Àwọn èèyàn máa ń wá bá mi pé àwọn wá orúkọ kan nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èsì wá pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n á ní ọdún báyìí ni orúkọ yẹn gbòde jù. Ẹ rọra o. Ìwé ìròyìn tí wọ́n ti síkáànù kì í pọ̀ bákan náà lọ́dọọdún, ọdún tójú ìwé bá ti pọ̀, gbogbo orúkọ ló máa pọ̀ níbẹ̀. Èmi máa ń wá ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn, bíi "Monday", kí n fi wéra, tóun náà bá lọ sókè bákan náà, ìwé ló pọ̀ sí i, kì í ṣe orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Shirley. Orúkọ ìdílé ni, wọ́n sì máa ń fi sọ ọkùnrin, kó tó di pé Charlotte Brontë, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé ìtàn tó ń jẹ́ Shirley jáde ní 1849, ọmọkùnrin làwọn òbí inú ìtàn yẹn ń retí, nígbà tí wọ́n bí obìnrin wọ́n ṣáà fún un lórúkọ ọ̀hún. Torí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí Shirley kan nínú ìwé ìròyìn 1830, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá "Mr." ló wà níwájú ẹ̀. Nígbà tó wá di 1934 tí Shirley Temple, ọmọdébìnrin òṣèré fíìmù ní Amẹ́ríkà, di ìlú-mọ̀ọ́ká, orúkọ yẹn kúnnú ìwé ìròyìn bámúbámú, fíìmù, bèbí, aṣọ ọmọdé, ìpolówó lóríṣiríṣi. Òótọ́ ni pé Shirley ló wà nípò kejì láàárín orúkọ ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà ní 1935, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú Shirley tẹ́ ẹ máa rí nínú ìwé ìròyìn ọdún yẹn, òṣèré yẹn ni, kì í ṣe àwọn ọmọ ọwọ́ yẹn.

Ibi táwọn ọmọ gan-an wà ló yẹ ká wá lọ. Ìkéde ìbímọ nínú ìwé ìròyìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ kì í sábà dárúkọ ọmọ, wọ́n á kàn ní ìyàwó lágbájá bí obìnrin, ó tán. Ọmọ yẹn á tó ọmọ iléèwé kí orúkọ ẹ̀ tó jáde nínú àwọn tó gba ẹ̀bùn, lẹ́yìn náà ló máa jáde nínú ìròyìn ìgbéyàwó, nítorí náà ẹ ka ọdún padà sẹ́yìn látibẹ̀. Tó bá sì ti lọ́kọ, ó lè di "Mrs. John Smith", orúkọ tiẹ̀ á pòórá pátápátá, ó máa ń dùn mí gan-an.

Kọ̀ǹpútà tó ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n síkáànù máa ń ka lẹ́tà kéékèèké inú ẹ̀ gbòdì, ó lè ka Mary sí "Marv", nítorí náà ẹ wá èyí tó ṣì kà náà. Ẹ wá Wm. fún William, Jas. fún James, Polly fún Mary. Ẹ yọ ọkọ̀ ojú omi àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ́ Mary kúrò tó bá jẹ́ Mary lẹ̀ ń wá, tó bá jẹ́ Florence, ẹ yọ ìlú Florence.

Ọ̀fẹ́ ni àwọn ìkànnì tẹ́ ẹ ti lè wá inú ìwé ìròyìn àtijọ́, bíi Chronicling America ti Amẹ́ríkà, Papers Past ti New Zealand àti Trove ti Ọsirélíà. Lórí Trove, ẹ lè tún ohun tí kọ̀ǹpútà ṣì kà ṣe fúnra yín, ẹ bá mi ṣe é tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹni tó bá tún wá orúkọ yẹn lẹ́yìn yín á rí i.