Ìpolongo ìtúsílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilẹ̀ Òkun

Ìpolongo ìtúsílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni akitiyan tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, tí aráàlú mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ṣe kí aṣáájú wọn lè kúrò lẹ́wọ̀n láàárín 1963 sí 1966. Láàárín àwọn Òkun, ìyẹn Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí òde òní, ó ṣòro láti ya ìpolongo yìí kúrò lára ọ̀rọ̀ ààlà tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààlà

Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, inú Kabba Province ni àwọn Òkun bọ́ sí, wọ́n sì di ará Agbègbè Àríwá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n, tí Ọ̀mùò-Èkìtì tó wà ní Agbègbè Ìwọ̀-oòrùn kò sì jìnnà sí Ìjùmú. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fẹ́ kí Ìlọrin àti Kàbà dara pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-oòrùn. Gómìnà John Macpherson kọ̀ jálẹ̀ ní 1952. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Willink jókòó ní 1957 sí 1958 lórí ohun tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké lẹ́rù, ẹgbẹ́ náà tún gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú wọn, àmọ́ ààlà kò yẹ̀.

Ọjọ́ ìdìbò ni ohun tí ààlà yìí ń ṣe máa ń hàn kedere. Ní 1959, àmì ẹgbẹ́ ló wà lára àpótí ìdìbò; olùdìbò á wọ ibi ìkọ̀kọ̀, á sì ju ìwé rẹ̀ sínú èyí tó wù ú. Obìnrin Ọ̀mùò lè ju tirẹ̀ sínú àpótí ọ̀pẹ, ìyẹn àmì Action Group. Obìnrin Ìjùmú kò lè dìbò rárá, nítorí ọkùnrin nìkan ni wọ́n gbà láyè ní Àríwá, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí di 1976. Èyí ṣe pàtàkì gidigidi: bí ìyá kan ní Kàbà bá tilẹ̀ fẹ́ràn Awólọ́wọ̀ dọ́kàn, kò sí ibi tí yóò ti fi ìbò sọ ọ́. Ó yẹ ká fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ọkùnrin Òkun ló wà lẹ́yìn ọ̀pẹ. NPC (Northern People's Congress), ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba Àríwá nígbà náà, ní ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀.

Ẹjọ́ àti ẹ̀wọ̀n

Oṣù Kọkànlá 1962 ni ẹjọ́ ìdìtẹ̀ sí ìjọba tí wọ́n pe Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó níwájú Adájọ́ George Sodeinde Sowemimo. Ìjọba kò jẹ́ kí agbẹjọ́rò Gẹ̀ẹ́sì tí Awólọ́wọ̀ fẹ́ gbà wọ Nàìjíríà. Ó pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí èyí, ilé ẹjọ́ kò sì dá a láre. Joseph Tarka, aṣáájú UMBC (United Middle Belt Congress), ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún àwọn ará Àárín Gbùngbùn, jẹ́jọ́ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ní 11 Oṣù Kẹsàn-án 1963, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni wọ́n dá fún Awólọ́wọ̀. Oṣù kan ṣáájú ni wọ́n ti gé Mid-West kúrò lára Ìwọ̀-oòrùn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ààlà Àríwá.

Ìpolongo

Dauda Adegbenro ló di ẹgbẹ́ mú nígbà tí aṣáájú wà lẹ́wọ̀n. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ da ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nù ní 1964, ìbò ló wá kù. Action Group àti àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn, NCNC, NEPU àti UMBC, para pọ̀ di UPGA (United Progressive Grand Alliance) fún ìdìbò àpapọ̀. Ìrètí àwọn Ọlọ́pẹ ni pé bí UPGA bá gba ìjọba àpapọ̀, ẹ̀wọ̀n parí. Ṣùgbọ́n ní Àríwá, ó lé ní 60 àga tí wọ́n kéde pé olùdíje alátakò kankan kò sí, UPGA sì pe àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n má dìbò ní Oṣù Kejìlá 1964. Ìbò Ìwọ̀-oòrùn ní 1965 di rògbòdìyàn «wẹ́tíẹ̀», tí wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ènìyàn àti ilé lára, tí wọ́n sì ń dáná sun wọ́n.

Ìtúsílẹ̀

Ìjọba ológun Ironsi, tó gba àṣẹ ní Oṣù Kìíní 1966, kò tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀. Yakubu Gowon, tó rọ́pò Ironsi, ló dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹjọ 1966, ó sì jáde ní ẹ̀wọ̀n Kàlàbá. Ní 27 Oṣù Karùn-ún 1967, Gowon fi Ìlọrin àti Kàbà ṣe West Central State, tó di Kwara lẹ́yìn náà. Àwọn Òkun wà níbẹ̀ títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 27 Oṣù Kẹjọ 1991.